Bí A Ṣe Ń Fi Ẹ̀sìn Àwọn Gíríìkì Àtijọ́ Wé Ìgbàgbọ́ Kristẹni Láìṣàbòsí

Ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbé wá sí kíláàsì Bíbélì wa ní Kàbà kì í ti inú Bíbélì wá mọ́. Inú fóònù ló ti ń wá. "Ma, wọ́n ní ọ̀kan náà ni Jésù àti Dionysus." "Ma, ṣé òótọ́ ni pé Zeus náà bímọ lọ́dọ̀ ọmọ èèyàn?" Òrìṣà àwọn Gíríìkì àtijọ́ ni àwọn méjèèjì; Zeus ni olórí gbogbo wọn. Bí olùkọ́ bá ní kí wọ́n gbé ẹnu kúrò níbẹ̀, pé iṣẹ́ èṣù ni, ọmọ á dákẹ́ lójú rẹ̀, á sì délé máa bá fóònù ṣe kíláàsì tirẹ̀ lọ. Èmi ń kọ́ CRS, ẹ̀kọ́ ìsìn Kristẹni, ní ilé ẹ̀kọ́ girama, mo sì ń darí àwọn ọ̀dọ́ ní Sọ́ńdè. Ọ̀nà tí mo ń gbà ṣe é ni mo kọ sílẹ̀ yìí fún ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, láti Kàbà títí dé Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀. Okun o, gbogbo yín.

Ohun kan ṣáájú ohun gbogbo: ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ òrìṣà àti ìtàn wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe. Kí ni wọ́n ń pa? Ta ló ń jẹ ẹran rẹ̀? Kí ni wọ́n ń tọrọ? Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe sí òkú? Àwọn Gíríìkì kò ní ìwé mímọ́ kan tí gbogbo wọn ń kà, wọn kò ní ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ tí a ń ké jáde, kò sì sí ẹni tó ń bi wọ́n pé "Ṣé o gba Zeus gbọ́?" Ẹni tó bá rúbọ nígbà tó yẹ, bó ṣe yẹ, ti ṣe ojúṣe rẹ̀. Bí a bá wá mú ìwé ìbéèrè tiwa, tó kún fún "kí lo gbà gbọ́", tọ̀ wọ́n lọ, èsì tí a máa rí kò ní dára, kì í sì í ṣe ẹ̀bi wọn.

Ẹrù tí ẹ máa dì kò pọ̀. Bíbélì Yorùbá kan, Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì kan, pátákó àti ṣọ́ọ̀kì. Ẹ má da ara yín láàmú nítorí pírójẹ́ktọ̀. Iná lè má sí, bó bá sì wà, Zeus oníṣan káká inú fíìmù ni àwọn ọmọ máa gbé lọ sílé. Ẹ fa ìlà sí àárín pátákó: òsì fún Gíríìkì, ọ̀tún fún Kristẹni. Ẹ fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún ohun tó jọra, nítorí ó wà, ó sì pọ̀ ju bí àwọn pásítọ̀ kan ṣe fẹ́ lọ. Bó bá jẹ́ King James ni ẹ ní lọ́wọ́, ẹ tètè sọ fún wọn pé orúkọ Róòmù ló fi pe àwọn òrìṣà náà: Zeus ni Jupiter, Hermes ni Mercurius, Artemis ni Diana. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, ẹnìkan á ka òrìṣà mẹ́ta sí mẹ́fà.

Ẹ kọ́kọ́ kọ apá ọ̀tún

Ó yẹ kó rọrùn, àmọ́ ibẹ̀ ni kíláàsì ti máa ń dàrú. Kátólíìkì wà níbẹ̀, ECWA wà níbẹ̀, Áńgílíkà, Onítẹ̀bọmi, Àpọ́sítólíìkì. Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ni Kristẹni gbà gbọ́, ẹnìkan á mẹ́nu ba ṣòkòtò tí obìnrin kò gbọdọ̀ wọ̀, ẹlòmíràn á mú ìdámẹ́wàá wá. Mo máa ń pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, màá ní kí a ka Ìgbàgbọ́ Àwọn Àpọ́sítélì, nítorí kò sí ìjọ kan nínú àwọn tí mo dárúkọ yìí tí á kọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọlọ́run kan tó dá ọ̀run àti ayé. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó jìyà lábẹ́ Pọ́ńtíù Pílátù, tó kú, tí a sin, tó jíǹde. Ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀. Àjíǹde ara. Ẹ fa ìlà sábẹ́ orúkọ Pílátù: gómìnà Róòmù kan ni, ìlú tó jọba lé lórí wà, ìgbà tó jọba ní ọjọ́. Ẹ wá gbogbo ìtàn Zeus wò, ẹ kò ní bá gómìnà kankan níbẹ̀.

Bí ẹnìkan bá fẹ́ sọ ẹ̀kọ́ náà di pé àwọn ẹni mímọ́ Kátólíìkì ni òrìṣà Gíríìkì, ẹ dá a lẹ́kun. Ìjà mìíràn nìyẹn, ẹ fún un ní Sọ́ńdè tirẹ̀.

Pẹpẹ, egungun àti ẹran

Apá òsì ni iṣẹ́ wà. Pẹpẹ àwọn Gíríìkì, ìta gbangba ló máa ń wà, níwájú tẹ́ḿpìlì. Tẹ́ḿpìlì fúnra rẹ̀ kì í ṣe ibi ìpéjọ bíi ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ilé òrìṣà ni, ibẹ̀ ni ère rẹ̀ ń gbé. Parthenon tí ẹ ń rí nínú àwòrán, tí wọ́n kọ́ sí Áténì láàárín ọdún 447 sí 432 ṣáájú Kristi, ère Athena, òrìṣà obìnrin tó ni ìlú náà, tí a fi wúrà àti eyín erin ṣe ló wà nínú rẹ̀. Níta ni èrò àti màlúù wà.

Wọ́n á mú ẹran wá pẹ̀lú òdòdó lọ́rùn rẹ̀, wọ́n á wọ́n omi sí i, wọ́n á da ọkà báálì, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á dú u. Egungun itan ni wọ́n á fi ọ̀rá wé, tí wọ́n á sun lórí pẹpẹ kí èéfín rẹ̀ lè gòkè lọ bá òrìṣà. Ẹran gidi, èèyàn ló ń jẹ ẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi, awọ tàbí ẹsẹ̀ kan ni ìpín àlùfáà. Bí mo bá ti dé ibí yìí, ẹ̀rín á sọ: "Ma, egungun ni òrìṣà wá ń jẹ?" Àwọn Gíríìkì fúnra wọn bi ara wọn ní ìbéèrè yìí. Hesiod, akéwì kan tó gbé ayé ní nǹkan bí 700 ọdún ṣáájú Kristi, dáhùn pé Prometheus, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ kan láàárín àwọn òrìṣà, ló fa á. Ó pín màlúù sọ́nà méjì. Ó fi egungun sábẹ́ ọ̀rá tó ń dán, ó fi ẹran pamọ́ sínú àpòlúkù, ó ní kí Zeus mú èyí tó wù ú. Zeus mú ọ̀rá. Hesiod fi kún un pé Zeus kò ṣàì mọ̀ pé ẹ̀tàn ni. Ibi ló ti ń gbèrò sí ọmọ èèyàn lọ́kàn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí kíláàsì jókòó ti gbólóhùn yẹn díẹ̀.

Kí ẹ wá má ṣàbòsí, ẹ ṣí Léfítíkù 3:16, níbi tí a ti ní gbogbo ọ̀rá jẹ́ ti Olúwa. Ọ̀rá níbí, ọ̀rá lọ́hùn-ún. Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ pátákó, ní àyè ohun tó jọra. Lẹ́yìn náà, ẹ ka Sáàmù 50, níbi tí Ọlọ́run ti ní bí ebi tilẹ̀ ń pa òun, òun kì yóò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí òun ló ni ayé. Ẹ ka Hébérù 10, tó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Kristi rúbọ, ó parí. Lójú Gíríìkì, ẹbọ kì í parí. Ó di dandan kí ó máa lọ, nítorí òun ni okùn tó so ìlú mọ́ òrìṣà rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ ní apá yìí ni àdúrà Chryses, àlùfáà òrìṣà Apollo, ní ìbẹ̀rẹ̀ Iliad, ewì ogun tí Homer kọ. Wọ́n mú ọmọbìnrin rẹ̀ lẹ́rú. Ó lọ sí etí òkun, ó ní bí òun bá ti kọ́ ilé fún Apollo rí, bí òun bá ti sun itan ọlọ́ràá fún un rí, kí ó gbẹ̀san fún òun. Apollo gbọ́, ó sì ta ọfà àjàkálẹ̀ àrùn sí ibùdó àwọn ọ̀tá rẹ̀. Ẹ kọ àdúrà yẹn sí apá òsì. Ẹ wá bi kíláàsì bóyá wọ́n ti gbọ́ irú rẹ̀ rí ní ìsọjí: "Olúwa, mo ti san ìdámẹ́wàá, mo ti gbààwẹ̀, mo ti fọ ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí náà, ṣe é fún mi." Kíláàsì á dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ má yára bá wọn jáde nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn.

Ibi ẹran yìí náà ni Kọ́ríńtì Kìíní orí 8 àti 10 ti máa yé wọn. Nínú ìlú tí ẹran pípa àti ẹbọ ti wọ ara wọn báyìí, ẹran tó ti orí pẹpẹ wá lè dé ọjà, ó lè dé ilé ọ̀rẹ́. Àwọn awalẹ̀pìtàn rí yàrá ìjẹun ní ojúbọ Asclepius, òrìṣà ìwòsàn, ní Kọ́ríńtì. Àwọn èèyàn ń jókòó níbẹ̀ jẹun bí a ṣe ń jókòó níbi ìnáwó. Ọ̀rọ̀ tí Pọ́ọ̀lù sọ kì í ṣe "jẹ ẹ́" tàbí "má jẹ ẹ́" lásán. Ohun tó wà lọ́jà, rà á, má bi ẹnikẹ́ni. Bí ẹni tí kì í ṣe onígbàgbọ́ bá pè ọ́ wá jẹun, jẹ ohun tó gbé síwájú rẹ. Bí ẹnìkan bá ní "ẹran ẹbọ nìyí o," má jẹ ẹ́, nítorí ẹ̀rí ọkàn ẹni tó sọ fún ọ. Jíjókòó jẹun nínú ilé òrìṣà, rárá.

Àwọn ọmọ tiwa kò nílò àlàyé gígùn lórí èyí. Wọ́n mọ ẹran ọdún egúngún. Wọ́n mọ ọdún iṣu Ògìdì. Wọ́n mọ àbúrò bàbá tó fi itan ewúrẹ́ ránṣẹ́ sílé láìsọ ibi tó ti wá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìlànà Pọ́ọ̀lù dá ẹjọ́ náà fúnra wọn. Àwọn ọmọ Yàgbà inú kíláàsì mi lè jiyàn rẹ̀ títí ìsìn kejì fi máa bẹ̀rẹ̀.

Delphi, àti ìdí tí Zeus kò fi jẹ́ Ṣàngó

Apá yìí kò yẹ kó pẹ́. Bí Gíríìkì bá fẹ́ mọ ọkàn òrìṣà, ó lè lọ sí Delphi, níbi tí obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Pythia ti ń jókòó lórí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tí Apollo á gbà á lẹ́nu sọ̀rọ̀. Croesus, ọba Lydia, ránṣẹ́ béèrè bóyá kí òun gbógun ti Páṣíà. Wọ́n ní bó bá gbógun, yóò pa ìjọba ńlá kan run. Ó gbógun. Ìjọba tirẹ̀ ló parun. Herodotus, òpìtàn Gíríìkì, ló pa ìtàn náà mọ́ fún wa.

Ọmọ Ìjùmú tàbí Bùnú tí ìyá rẹ̀ àgbà bá ti sọ̀rọ̀ Òfósì fún un rí, àwọn obìnrin tí ẹ̀mí ń gùn, tí wọ́n ní èdè tiwọn tí ará ìta kò gbọ́, kò ní ka Pythia sí àlọ́. Ẹ lo ìmọ̀ yẹn. Ẹni tó ti mọ ẹ̀sìn tí kò ní ìwé, tó ní òkè mímọ́, tó ní ọjọ́ ọdún, ti lóye Gíríìkì ju ẹni tó ka ìwé mẹ́wàá lọ. Àmọ́ ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa kọ "Zeus = Ṣàngó" sórí pátákó nítorí pé àwọn méjèèjì ní àrá lọ́wọ́. Ṣàngó tí ìtàn Ọ̀yọ́ ń sọ jọba rí, ó ní ààfin, ó ní ìran. Zeus kò fìgbà kan jẹ́ ọba ìlú tó di òrìṣà. Ó gba ìjọba lọ́wọ́ Cronus bàbá rẹ̀, ẹni tó ti ń gbé àwọn ọmọ rẹ̀ mì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀dọ̀ tiwa níbí pàápàá, ẹbọra orí òkè ni àwọn baba wa mọ̀ jù. Ẹni tó bá pa gbogbo wọn pọ̀ kò tíì mọ ọ̀kankan.

Kí ni wọ́n ń tọrọ?

Ẹ kọ "ìlera" sórí pátákó. Asclepius, ọmọ Apollo, ni òrìṣà ìwòsàn. Ní Epidaurus, aláìsàn á wẹ̀, á rúbọ, á sùn sí ojúbọ mọ́jú, á sì máa retí pé kí òrìṣà wá bá òun lójú àlá. Ẹni tó bá yá á fi ọpẹ́ hàn: ó lè fi amọ̀ mọ ẹsẹ̀, ojú tàbí ọwọ́ tó ti ń dùn ún, kí ó gbé e kọ́ síbẹ̀. Wọ́n fín àwọn ẹ̀rí náà sára òkúta níbẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú Kristi, a sì lè kà wọ́n títí dòní. Ẹ̀rí kan sọ pé obìnrin kan, Cleo, lóyún fún ọdún márùn-ún kó tó wá sùn síbẹ̀, pé bó ṣe jáde ló bí ọmọkùnrin, tí ọmọ náà sì dìde lọ wẹ ara rẹ̀ létí orísun omi. Ẹ ka èyí sókè, kí ẹ wá béèrè lọ́wọ́ kíláàsì ohun tí wọ́n máa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá gbọ́ ẹ̀rí tó jọ ọ́ lórí òkè àdúrà. Ìbéèrè nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀sùn.

Ohun tí wọn kì í sábà tọrọ ló yẹ kí ẹ tẹnu mọ́. Ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀, bí Kristẹni ṣe ń sọ ọ́, kì í ṣe orí ọ̀rọ̀ wọn. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni èérí: ẹ̀jẹ̀ tí a ta sílẹ̀, òkú, ìbímọ, ohun tó ń mú kí èèyàn má lè sún mọ́ ojúbọ títí wọ́n á fi wẹ̀ ẹ́ mọ́. Síbẹ̀, ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní àwọn òrìṣà Gíríìkì kò bìkítà nípa ìwà. Zeus ló ń ṣọ́ àlejò, òun ló ń ṣọ́ ìbúra. Ẹni tó lé àlejò lọ, Zeus ló bá jà. Ẹ gbé Hébérù 13:2 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ní àwọn kan ti ṣe àwọn áńgẹ́lì lálejò láìmọ̀.

Ibẹ̀ ni Ìṣe 14 ti máa tàn sí wọn. Àwọn ará Lísírà rí arọ tó dìde, wọ́n ní òrìṣà ti gbé àwọ̀ èèyàn wọ̀, wọ́n pe Bánábà ní Zeus, wọ́n pe Pọ́ọ̀lù ní Hermes nítorí òun lolórí ọ̀rọ̀, àlùfáà Zeus sì fa màlúù àti òdòdó wá. Ovid, akéwì Róòmù, sọ ìtàn kan tó ṣẹlẹ̀ ní agbègbè Fírígíà tí kò jìnnà síbẹ̀: òrìṣà méjì yìí kan náà lọ káàkiri bí arìnrìn-àjò, ẹgbẹ̀rún ilé ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, àfi tọkọtaya arúgbó kan, Philemon àti Baucis. Omi bo gbogbo àwọn yòókù. Ẹni tó bá dàgbà lórí irú ìtàn yẹn, ṣé kò ní sáré mú màlúù wá? Àwọn ará Lísírà kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹ̀rù ń bà wọ́n kí wọ́n má tún ti ilẹ̀kùn.

Níbi ikú ni ọ̀nà ti pín

Bó bá jẹ́ Sọ́ńdè kan péré ni ìjọ yín fún yín, ẹ fo gbogbo ohun tó ṣáájú, kí ẹ kọ́ wọn ní apá yìí.

Nínú Odyssey, ewì mìíràn ti Homer, Odysseus bá òkú Achilles, jagunjagun tí wọ́n jọ jagun, pàdé ní ipò òkú. Ó kí i, ó ní ọba ni ọ́ níbí pàápàá. Achilles dáhùn pé kí ó má fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ikú mọ́lẹ̀ fún òun. Ó sàn fún òun kí òun wà láyé bí alágbàṣe ní oko tálákà ju kí òun jọba lórí gbogbo òkú lọ. Akọni tó tóbi jù ní ilẹ̀ wọn ló ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ wá padà sí Asclepius, oníwòsàn. Pindar, akéwì Gíríìkì, sọ pé ó gba wúrà, ó sì jí òkú kan dìde. Zeus sán àrá pa á. Jíjí òkú, ìrékọjá ààlà ni, ikú sì ni èrè rẹ̀. Ẹ ka Jòhánù 11 lẹ́yìn rẹ̀ láìsọ nǹkan kan: Lásárù, òkúta, "jáde wá".

Euripides kọ eré kan nípa Hippolytus, ọ̀dọ́mọkùnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ sin Artemis, òrìṣà obìnrin. Bó ṣe ń kú lọ lórí ilẹ̀, Artemis wá bá a, ó bá a sọ̀rọ̀ dáadáa, ó ní òun fẹ́ràn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní ó dàbọ̀, nítorí kò tọ́ kí òun wo òkú, kò sì tọ́ kí èémí ẹni tó ń kú kó èérí bá ojú òun. Ó lọ. Hippolytus sọ fún un pé ó rọrùn fún un láti fi ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀. Mo ti ka ibẹ̀ fún kíláàsì tí ariwo wọn kì í gbọ́ràn, wọ́n sì gbọ́. Ní apá ọ̀tún, ẹ kọ pé Jésù sunkún níbi ibojì. Ẹ kọ pé òun fúnra rẹ̀ kú. Àwọn Gíríìkì mọ òrìṣà tó fẹ́ràn èèyàn. Èyí tó máa dúró ti òkú, tí á sì wọ ikú pẹ̀lú rẹ̀, ni ó ṣòro fún wọn láti gbọ́.

Ó wá ku Áténì. Ní 458 ṣáájú Kristi, Aeschylus gbé eré kan jáde níbẹ̀ nípa bí a ṣe dá ilé ẹjọ́ Areopagu sílẹ̀. Nínú eré náà, Apollo dúró síwájú ilé ẹjọ́ yẹn, ó ní bí ilẹ̀ bá ti mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn tó kú, àjíǹde kò sí fún un mọ́, pé Zeus bàbá òun kò ṣe ògèdè kankan fún ìyẹn. Ó lé ní ọ̀rúndún márùn-ún lẹ́yìn náà, wọ́n mú Pọ́ọ̀lù wá sí Areopagu kan náà, ó sì sọ ohun tí Apollo ní kò sí. Ẹ ka Ìṣe 17:32. Àwọn kan ń ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ́ wọn pé aláìgbọ́n ló ṣẹ̀fẹ̀. Ìdáhùn tí ìlú wọn ti ní lọ́wọ́ tipẹ́ ni wọ́n fún un.

Kí òsùwọ̀n wa má bàa fì, ẹ dárúkọ Eleusis pẹ̀lú. Níbẹ̀, nítòsí Áténì, wọ́n ń ṣe awo Demeter, òrìṣà ọkà, àti Persephone ọmọ rẹ̀, ẹni tí Hades, ọba ipò òkú, gbé lọ sábẹ́ ilẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá mú wọ awo náà ń retí pé ipò òun yóò dára ju ti ẹlòmíràn lọ lẹ́yìn ikú. Wọ́n pa àṣírí rẹ̀ mọ́ dáadáa. Ìrètí wà, nígbà náà. Àmọ́ kò sí ẹni tó sọ pé ara tí a sin yóò dìde.

Ìgbà yìí ni kí ẹ tó ṣí fóònù

Gbogbo ohun tí wọ́n bá kà sókè láti orí fóònù, ìbéèrè kan náà ni: òǹkọ̀wé àtijọ́ wo ló sọ ọ́, ìgbà wo ló sì kọ ọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn á tú ká níbẹ̀.

Dionysus ńkọ́, tí wọ́n ní wúńdíá ló bí i bíi Jésù? Zeus bá Semele, ọmọ ọba Thebes, lò pọ̀. Hera, aya Zeus, tan obìnrin náà kó lè ní òun fẹ́ rí Zeus nínú ògo rẹ̀, iná jó o pa, Zeus sì rán ọmọ inú rẹ̀ mọ́ itan ara rẹ̀ títí oṣù rẹ̀ fi pé. Òrìṣà wáìnì ni lóòótọ́. Ọmọ wúńdíá, rárá. Ti Heracles, ọmọ Zeus mìíràn, tún burú ju ìyẹn lọ: Zeus gbé àwọ̀ Amphitryon, ọkọ ìyá Heracles, wọ̀ kó lè wọlé tọ obìnrin náà. Ẹ wá jẹ́ kí ọmọbìnrin kan ka Lúùkù 1:26-38 sókè. Áńgẹ́lì sọ̀rọ̀, Màríà béèrè bí yóò ṣe rí bẹ́ẹ̀, a dá a lóhùn, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ gbà. Ta ló bi Semele léèrè? Àwọn ọmọbìnrin kíláàsì mi ló kọ́kọ́ máa ń rí èyí, ẹ jẹ́ kí àwọn ni wọ́n sọ ọ́.

Bí wọ́n bá mú ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá wá, pé ọjọ́ ìbí òrìṣà kan ni, ẹ gbà fún wọn pé Bíbélì kò dá ọjọ́ kankan fún ìbí Jésù. Àkọsílẹ̀ tó pẹ́ jù tó gbé Kérésì sí ọjọ́ yẹn ní Róòmù, inú ìwé kan tó jáde ní 354 ló wà. Kí lẹ fẹ́ máa jà fún ohun tí Bíbélì kò sọ fún?

Ẹ tún sọ fún wọn pé kì í ṣe fóònù ló kọ́kọ́ rí àwọn ìjọra yìí. Ní nǹkan bí 155, Justin, onímọ̀ ọgbọ́n orí tó di Kristẹni, kọ̀wé sí Antoninus Pius, ọba Róòmù, ó ní ẹni tó ti ń sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Zeus kò yẹ kó bínú nígbà tí Kristẹni bá sọ pé Ọlọ́run ní Ọmọ. Gbangba ló sọ ọ́. Àlàyé rẹ̀ ni pé àwọn ẹ̀mí èṣù ló ti sọ àwọn ìtàn náà káàkiri ṣáájú kí wọ́n lè da ọ̀rọ̀ rú. Èmi kì í gbé àlàyé yẹn fún kíláàsì bí ẹni pé ó tán síbẹ̀; mo máa ń ní kí wọ́n gbé e yẹ̀ wò. Wọ́n pa Justin ní Róòmù ní nǹkan bí 165 nítorí pé ó kọ̀ láti rúbọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀wọ̀ gbé e yẹ̀ wò.

Iṣẹ́ àmúrelé

Ìṣe 17:16-34, kí oníkálùkù dà á kọ sínú ìwé rẹ̀. Ẹ ṣàlàyé fún wọn ṣáájú pé ẹgbẹ́ onímọ̀ ọgbọ́n orí méjì ló wà níbẹ̀: àwọn Epikúréì gbà pé òrìṣà wà ṣùgbọ́n wọn kì í dá sí ọ̀rọ̀ èèyàn, àti pé àwọn Sítọ́íkì gbà pé ọgbọ́n Zeus wà nínú ohun gbogbo. Kí wọ́n fi bírò aláwọ̀ búlúù fàlà sábẹ́ ibi tí Epikúréì lè ti mi orí, aláwọ̀ ewé fún ibi tí Sítọ́íkì lè ti mi orí, pupa fún ibi tí àwọn méjèèjì ti máa dìde kúrò níjókòó. Ẹsẹ 25 á dá ìjà sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó dá a sílẹ̀. Fún ẹsẹ 28, ẹ sọ fún wọn pé inú ewì Aratus ni "àwa náà jẹ́ ọmọ rẹ̀" ti wá, pé Zeus ni ewì náà ń yìn, pé ará Kìlíkíà ni Aratus, bí Pọ́ọ̀lù ti Tásù. Ẹ má sọ ẹsẹ tí pupa máa pọ̀ sí jù.

Ẹni tó bá gbé ìwé wá láìfàlà kankan, kí ó dá a padà. Ẹni tó bá rántí kọ orúkọ Damaris, obìnrin tó gbà gbọ́ ní ìparí ìtàn náà, ẹ fún un ní máàkì méjì lé e.